Kí Ọba Tó Fẹnu Kan Iṣu Tuntun

Bí oṣù Kẹfà bá ti ń lọ sópin, ẹgbodò á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lọ́jà Bódìjà ní Ìbàdàn. Erùpẹ̀ á ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára, èèpo rẹ̀ á fẹ́lẹ́ débi pé èékánná lásán lè bó o. Owó rẹ̀ kì í kéré. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan ló ń mú kí àwọn kan wò ó lójú kí wọ́n sì kọjá lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, àwọn àgbà ṣì wà tí wọn kò ní í jẹ iṣu tuntun títí ìlú wọn yóò fi ṣọdún. Ẹ gbé iyán ẹgbodò síwájú irú bàbá bẹ́ẹ̀, á ní kí ẹ gbé e kúrò. Ó lè ti máa gbé Èkó láti ìgbà èwe rẹ̀, ó sì mọ̀ dájú pé wọ́n ti ń tà á ní Mile 12. Èsì rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: wọn ò tíì jẹ ẹ́ nílé.

Èèwọ̀ yìí ni àwọn tó ń ròyìn ọdún ìjẹṣu sábà máa ń fò kọjá. Ìlù, aṣọ àǹkóò, ọba tó ń jó bọ̀ láti ojúbọ, àwọn olóyè pẹ̀lú iyùn lọ́rùn: ìyẹn ni kámẹ́rà ń wá kiri. Bẹ́ẹ̀, tí a bá yọ èèwọ̀ náà kúrò, ohun tó kù kò ju àríyá lọ, àríyá kò sì wọ́n wa nílẹ̀ yìí. Òfin oko ni èèwọ̀ náà. Ọjọ́ tí wọ́n bá tú òfin yẹn sílẹ̀ ni ọdún.

Ẹ wo bí iṣu ṣe ń dàgbà. Èèbù tí àgbẹ̀ Òkè-Ògùn bá kì sínú ebè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tàbí nígbà òjò àkọ́rọ̀ yóò hù, yóò gun igi, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta nísàlẹ̀. Tó bá di nǹkan bí oṣù Keje tàbí oṣù Kẹjọ, iṣu ti wà nínú ebè, ṣùgbọ́n ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀. Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í tú ebè náà ká lásìkò yìí. Ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò là. Yóò gé iṣu kúrò lábẹ́ orí rẹ̀ láì ba gbòǹgbò jẹ́, yóò sì wọ́ erùpẹ̀ bò ó padà. Ìtàkùn náà kò ní í mọ̀ pé wọ́n ti ja òun lólè. Yóò máa báṣẹ́ lọ títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi tún dé, yóò sì tún ta àwọn iṣu kéékèèké sídìí. Àwọn yẹn ló ń di èèbù ọdún tó ń bọ̀.

Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ ki ọkọ́ bọ ebè kì í ṣe ọjọ́ kọ́jọ́. Bí wọ́n bá yára jù, omi ni iṣu yẹn. Kò ní í gún dáadáa, kò sì ní í pẹ́ kó tó jẹrà. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, ìtàkùn kò ní rí àyè ta èèbù kó tó gbẹ. Àárín méjèèjì yìí, tí kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ni ọdún ìjẹṣu ọ̀pọ̀ ìlú bọ́ sí. Ẹni tó kọ́kọ́ fi ọjọ́ náà lélẹ̀ fún àwọn abọrẹ̀ ti mọ oko ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ.

Ọ̀rọ̀ èèbù náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọkà bàbà tàbí àgbàdo kan ṣoṣo lè di ọgọ́rọ̀ọ̀rún hóró lẹ́yìn ìkórè. Iṣu kò rí bẹ́ẹ̀: ohun tí àgbẹ̀ yóò rí fi ṣe èèbù láti ara iṣu kan sábà máa ń dín sí 10. Ìdí nìyí tí owó èèbù fi ń gbẹ́mìí lẹ́nu àgbẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ní IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, fi ń wá ọ̀nà mìíràn kiri. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ti ṣe ni pé kí wọ́n gbé ìtàkùn iṣu sókè, kí gbòǹgbò rẹ̀ máa fì sínú afẹ́fẹ́ níbi tí kò sí erùpẹ̀ rárá, kí wọ́n máa fín omi àti oúnjẹ ewéko sí i lára. Ó ń ta. Bàbá àgbẹ̀ kan tó bá rí i lè rò pé iṣẹ́ òkùnkùn ni.

Ohun mìíràn tún wà. Oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje ni àkókò tí àká máa ń gbẹ. Iṣu ọdún tó kọjá ti tán tàbí ó ti hù, tuntun kò sì tíì tó. Ebi lè ti olóko, ó sì lè ti olè pẹ̀lú. Èèwọ̀ ń dí àwọn méjèèjì lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ẹni tó bá gbé ẹgbodò wọ ọjà ṣáájú ọdún ti fara rẹ̀ hàn: gbogbo ìlú á fẹ́ mọ oko ẹni tó ti wà á. Kò sí ọlọ́pàá tó lè ṣọ́ oko tó bẹ́ẹ̀.

Ìlú Yorùbá kọ́ ló dá ni ọgbọ́n yìí. Ní 1971, D. G. Coursey, onímọ̀ nípa iṣu tó ti kọ odindi ìwé lórí rẹ̀ ní 1967, àti Cecilia Coursey tẹ àpilẹ̀kọ gígùn kan jáde nípa ọdún iṣu tuntun jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti Côte d'Ivoire títí dé ilẹ̀ Ìgbò, ìlú lórí ìlú ló ní ọdún yìí, bí èdè wọn tilẹ̀ yàtọ̀ síra. Ilẹ̀ yìí kan náà ni iṣu pọ̀ sí jù láyé. Nàìjíríà nìkan ń wa iṣu tó lé ní 60 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ́dún gẹ́gẹ́ bí ìṣirò FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti ọ̀gbìn, ìyẹn bí ìdá méjì nínú mẹ́ta iṣu gbogbo àgbáyé.

Ní 2019, ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ nípa àbùdá ewéko tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science Advances sọ ibi tó ṣeé ṣe kí iṣu funfun ti kọ́kọ́ di ohun ọ̀gbìn: agbègbè odò Ọya, ní àárín ìlà-oòrùn Gánà àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Inú igbó ni wọ́n ní ó ti wá, láti ara iṣu igbó tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Dioscorea praehensilis. Àwọn Ewe ìlú Ho ní Gánà, tí ìtàn wọn so wọ́n mọ́ Kétu, kò ní í ya ẹnu sí èyí. Tí wọ́n bá ń ṣe ọdún iṣu Asogli ní oṣù Kẹsàn-án, ìtàn tí wọ́n ń pa ni ti ọdẹ kan tó rí iṣu nínú igbó lásìkò ìyàn. Ó rì í mọ́lẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa rí i. Nígbà tó padà wá, ohun tó fi pamọ́ ti hù, ó sì ti tóbi ju bó ṣe wà lọ. Ọdẹ ló wọlé, àgbẹ̀ ló jáde.

Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn babaláwo kì í fi iṣu tuntun ṣeré. Láti òkè Ìtasẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún Ifá lóṣù Kẹfà, ni ọdún tuntun wọn ti ń bẹ̀rẹ̀, àwọn àlejò sì máa ń dé láti Amẹ́ríkà, Bràsíìlì àti Kúbà, pàápàá lẹ́yìn tí UNESCO ti ka Ifá mọ́ àwọn ohun àjogúnbá aráyé ní 2005. Ṣùgbọ́n William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Ifẹ̀ ní 1937 àti 1938, ti kọ nípa ètò ẹgbodò tó jẹ́ ti àwọn babaláwo àti èyí tó jẹ́ ti Ọọ̀ni. Nígbà yẹn, kò sí ọ̀kankan nínú àwọn àlejò wọ̀nyí lórí òkè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ iṣu ti ta gbòǹgbò jìnnà jù ni Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.  Ìlú Òrìṣà Ògìyán ni, orúkọ òrìṣà náà ló sì wà lára oyè ọba wọn. Iyán ni òrìṣà yìí fẹ́ràn ju ohun gbogbo lọ, kì í sì í fi ìfẹ́ yẹn pamọ́.

Pierre Fatumbi Verger, ọmọ Faransé ayafọ́tò tó di babaláwo, tó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún láàrin Salvador, ní Bahia ní Bràsíìlì, àti ilẹ̀ Yorùbá, kọ ìtàn kan sílẹ̀ nípa ọdún náà. Ògìyán ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ babaláwo, Awoléjẹ́. Babaláwo yìí ló kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe kí abúlé rẹ̀ lè di ìlú ńlá, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Nígbà tó padà dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ìlú ti gbòòrò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti di kábíyèsí, ẹ̀ṣọ́ sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó béèrè ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń béèrè ẹgbẹ́ ẹni: báwo ni ajẹyán yẹn? Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbọ́ ọ bí èébú. Wọ́n lù ú, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ọdún méje ni òjò kò fi rọ̀, tí obìnrin kò sì rí ọmọ bí. Nígbà tí ọba wádìí, tó sì rí i pé ọ̀rẹ́ òun ló wà ní túbú, ó bẹ̀ ẹ́. Awoléjẹ́ gbà, ṣùgbọ́n ó dá gbèsè kan lé ìlú lórí: lọ́dọọdún, kí wọ́n pín ara wọn sí ọ̀nà méjì, kí wọ́n sì máa fi pàṣán na ara wọn títí pàṣán yóò fi já.

Wọ́n ń san gbèsè náà. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣọlọ̀ dúró lápá kan, Òkè Màpó dúró lápá kejì, pàṣán á sì máa ró. Ẹni tó bá rí i láìmọ ìdí rẹ̀ yóò pè é ní ìjà ìgboro. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni iyán, àti àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọn kò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ lè fi oúnjẹ pe ọba lórúkọ. Ó tó ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀: ìlú kan ń rántí pé òun hùwà àìdáa sí ẹni tó sọ òun di ìlú.

Nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ sí Bahia, ọdún náà bá wọn wọ ọkọ̀. Nínú àwọn ilé òrìṣà tó tan mọ́ Kétu ní Salvador, irú bí Casa Branca, Gantois àti Opô Afonjá tí Ìyá Aninha dá sílẹ̀ ní 1910, wọ́n ṣì ń ṣe ọdún odó Ògìyán lẹ́yìn ètò omi Òṣàálá. Aṣọ funfun ni gbogbo ilé ń wọ̀. Iṣu ni oúnjẹ ọjọ́ náà, odó sì wà láàrin gbọ̀ngàn. Wọ́n á tún mú ọ̀pá àtòrì jáde, àmọ́ wọn kì í na ara wọn bí ti Èjìgbò. Wọ́n kàn ń fi kan ara wọn léjìká jẹ́jẹ́, ìbùkún ni. Ìyá àgbà kan ní Salvador tí kò dé Èjìgbò rí mọ̀ pé ọdún yìí kò pé láìsí iṣu àti àtòrì. Oko Èjìgbò kò sí níbẹ̀, ìsàlẹ̀ àti òkè kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò sọ iṣu nù.

Ká padà sí Áfíríkà. Ní Savalou, ní orílẹ̀-èdè Benin, ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ni ọdún iṣu, lọ́dọ̀ àwọn Mahi tí ọba wọn ń jẹ́ Gbaguidi. Iṣu Laboko, tó máa ń tètè gbó, ni ọ̀pọ̀ ń fi ṣọdún lágbègbè náà. Àwọn Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́ tó jẹ́ Yorùbá ló múlé tì wọ́n, àwọn náà sì jẹ́ àgbẹ̀ iṣu. Ọjọ́ yẹn náà ni àjọ̀dún Màríà nínú ìjọ Kátólíìkì, ìsinmi ni jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, kò sì sí ọmọ Savalou tó lè sọ pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kóun wá sílé.

Kì í ṣe gbogbo ọdún oúnjẹ ló ní oúnjẹ púpọ̀. Lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, ará Ìbàdàn kì í dáná. Wọ́n ń rántí ìgbà tí Lágelú àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá gun òkè, tí èso òro àti ìgbín jẹ́ oúnjẹ wọn. Ó dùn mọ́ni pé ìlú tí ọjà Bódìjà wà nínú rẹ̀ ní ọjọ́ kan tí ìkòkò kò gbọdọ̀ gbóná.

Àwọn Ẹ̀gbá ní tiwọn ní Lísàbí. Gbogbo ayé mọ Lísàbí gẹ́gẹ́ bí jagunjagun tó gba Ẹ̀gbá lọ́wọ́ àwọn ìlàrí, aṣojú Ọ̀yọ́. Àgbẹ̀ ni kó tó di jagunjagun. Àáró ló fi kó àwọn ènìyàn jọ: lónìí kí gbogbo ẹgbẹ́ lọ ro oko tèmi, lọ́la kí wọ́n wá ro tìrẹ. Nígbà tí àáró náà ti kún, tí wọ́n ti mọ ara wọn, tí wọ́n ti mọ ẹni tó lè pa àṣírí mọ́, ó yí wọn lọ sógun. Ọdún Lísàbí ń fa èrò sí Abẹ́òkúta lọ́dọọdún, pẹ̀lú ìrìn àjò sí igbó Lísàbí. Aṣọ máa ń gbayì níbẹ̀, ẹṣin máa ń gbayì. Àáró gan-an ni ènìyàn lè wá tì. Bóyá ọjọ́ kan tí wọ́n bá kó ọkọ́ jáde dípò ẹṣin, bàbá náà á dá wọn mọ̀.

Ìṣòro òde òní wà níbẹ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ìjẹṣu ti ní pèpéle, báńkì tàbí ilé iṣẹ́ ọtí tó ń ṣe onígbọ̀wọ́, olórin láti Èkó, àga onítìmùtìmù fún àwọn èèyàn pàtàkì. Iṣu ńláńlá á tò síwájú ọba fún fọ́tò. Ní ìlú mélòó kan, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti wa iṣu náà, wọ́n á ní ọkọ̀ tírélà ló gbé e wá láti Zaki-Biam ní Benue. Kò sí ohun tó burú nínú iṣu àwọn Tiv ibẹ̀. Iṣu gidi ni, ọjà Zaki-Biam sì wà lára àwọn ọjà iṣu tó tóbi jù ní Nàìjíríà. Àmọ́ ìlú tó fi iṣu oko ẹlòmíràn dúpẹ́ fún ìkórè tirẹ̀ ń dúpẹ́ fún kí ni?

Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò NBS, ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, ní oṣù Kẹfà 2024, ìgbà tí ẹgbodò ń bọ̀, oúnjẹ fi 40.87% wọ́n ju bó ṣe wà ní oṣù Kẹfà ọdún tó ṣáájú lọ. Irú ọdún bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí àgbẹ̀ jókòó níwájú, kí ìlú bi í pé kí ló dé. Ọ̀nà oko ni? Epo ọkọ̀ ni? Ṣé darandaran ni, àbí àìsí ọ̀dọ́ tó lè kọ ebè? Àwọn ìbéèrè yìí kò dùn lórí pèpéle, olórin kò sì lè fi wọ́n kọrin.

Àwọn ọdún oúnjẹ ìlú ńlá tilẹ̀ ti gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2016 ni báńkì GTBank bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Oníru ní Èkó, wọ́n sì ń fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ní ìsọ̀ láìgbowó. Ohun tó dára ni, èrò máa ń rọ́ lọ. Àwọn tó ń sè àti àwọn tó ń tà ló ni ọjọ́ náà. Ènìyàn lè jẹ ìrẹsì Ọ̀fàdà nínú ewé eéran ní Èkó, kí ọbẹ̀ ata rodo mú un lọ́fun títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, kó má sì mọ̀ pé Ọ̀fàdà jẹ́ ìlú, pé ó wà ní Ọbáfẹ́mi-Owódè ní ìpínlẹ̀ Ògùn, pé ẹnì kan dúró sínú oko yẹn láti àárọ̀ títí di alẹ́ nítorí ẹyẹ.

Ọ̀kan tó gbìyànjú láti so oko mọ́ àríyá wà ní Jàmáíkà. Ní Albert Town, ìlú kékeré kan ní Trelawny, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní South Trelawny Environmental Agency dá ọdún iṣu sílẹ̀ ní 1997. Trelawny ló ń mú iṣu jáde jù ní erékùṣù náà. Nígbà tí Usain Bolt, ọmọ ibẹ̀, sá eré tó gba gbogbo ayé lẹ́nu ní Beijing ní 2008, bàbá rẹ̀ sọ fún oníròyìn pé iṣu Trelawny ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nìyẹn. Èyí tí kì í ṣe ẹ̀rín ni pé igi tí ìtàkùn iṣu ń gùn ń ṣe jàǹbá fún igbó Cockpit Country tó wà lágbègbè náà, nítorí inú igbó ni àgbẹ̀ ti ń gé e. Ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlù àti ìdíje oúnjẹ náà kò ya ọ̀rọ̀ igbó sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ iṣu. Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn àti ti Èkìtì ń gé igi lọ́nà kan náà, kò sì sí pèpéle ìjẹṣu tí wọ́n sábà ti ń dárúkọ rẹ̀.

Nàìjíríà gbìyànjú láti gbé àríyá iṣu kọjá òkun pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹfà 2017, Audu Ogbeh tó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn nígbà náà ṣe ìfilọ́lẹ̀ ní Èkó: 72 tọ́ọ̀nù iṣu ń lọ sókè òkun. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé àwọn kan nínú iṣu náà ti jẹrà kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Iṣu tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi gbọ́dọ̀ gbó dáadáa nínú ebè, kí ojú ọgbẹ́ ara rẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó dì í sínú páálí, kí ibi tó máa sùn sí sì ní afẹ́fẹ́. Gánà ti ń ṣe èyí tipẹ́tipẹ́, òun ló sì ń ta iṣu sókè òkun jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá fẹ́ gún iyán ọdún ní Peckham ní London lóṣù Kẹjọ, iṣu Púná láti Gánà ni yóò sábà bá lórí àtẹ.